Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà tí mo rà fún ìyá mi: àgbéyẹ̀wò láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ìyá mi dè sórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo ra Bíbélì Mímọ́ onílẹ́tà gàdàgbà yìí ní ilé ìtàwé àwọn onígbàgbọ́ kan ní ìlú Ìbàdàn. Ìyá mi ní Bíbélì tirẹ̀, èyí tí ó ti ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ wẹ́ ju ohun tí ojú arúgbó lè gbé lọ, pàápàá lábẹ́ iná wọ́ọ̀dù tí ó ń ṣẹ́jú láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni a fi ka ìwé náà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn, èmi sì ti ń dá kà á láti ìgbà tí a ti sin ín. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé tí mo yẹ̀ wò fún ọjọ́ mélòó kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí ó fẹ́ ra irú rẹ̀ fún òbí tàbí fún aláìsàn, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ń gbàdúrà tí ó sì dà bíi pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọ̀run pa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni èmi àti ìyá mi dúró sí nígbà tí a ń ṣí ìwé yìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ojú ìwé. Lẹ́tà rẹ̀ dúdú, ó tóbi, àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì kò há, àmì abẹ́ lẹ́tà sì hàn ketekete. Ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìwé Yorùbá, nítorí mo ti rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìtẹ̀kutẹ̀ tí àmì ti pòórá lábẹ́ ẹ àti ọ rẹ̀, tí àgbàlagbà tí ó mọ̀wé dáadáa ń dúró sójú kan bí ẹni tí ó ṣìnà. Ìyá mi kò dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síwájú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń tọ ìlà láìlo awò, mo sì mọ̀ pé ó ń kà á nítorí pé ètè rẹ̀ ń mì. Àrùn náà ti gba apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó kù tí ó lè sọ já gaara.

Ìwé náà wúwo. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yá kò ní ka èyí sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kù sí ọwọ́ òsì nìkan kò lè dì í mú kí ó tún máa ṣí i. Ohun tí a ń ṣe ni pé mo gbé ìrọ̀rí lé itan rẹ̀, mo gbé Bíbélì lé orí ìrọ̀rí, mo sì di ẹ̀gbẹ́ kan mú fún un bí ìgbà tí ènìyàn bá ń di àwo mú fún ọmọdé tí ó ń jẹun. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ìka bá lọ́rinrin díẹ̀, ewé méjì tàbí mẹ́ta á ṣí papọ̀. Bí ẹ bá ń rà á fún ẹni tí yóò máa dá kà á lórí ibùsùn, ẹ wò ó bóyá Májẹ̀mú Titun àti Sáàmù, tí wọ́n máa ń dì papọ̀ ní ìwé kan tí kò wúwo, kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Ìtumọ̀ inú rẹ̀ ni ti àtijọ́, èyí tí odindi rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1900, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ àwọn òbí wa lẹ́nu débi pé wọ́n ń fi í sọ̀rọ̀ láìmọ̀ pé inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un. Àkọtọ́ rẹ̀ ti àtijọ́ náà ni: enia, aiye, nwọn, mbẹ, àti àmì kékeré tí ó lọ́ bí ejò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ẽṣe. Ọmọ mi tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ń kọsẹ̀ níbẹ̀, mo sì gbà pé ìtumọ̀ òde òní ni ó yẹ irú rẹ̀. Fún ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ má ṣe yí i padà fún un nígbà àìsàn. Ohùn tí ó fi kọ́ ìgbàgbọ́ ni ó fẹ́ gbọ́.

Ohun tí ó mú mi jókòó kọ èyí gan-an kì í ṣe bébà tàbí lẹ́tà. Ìfẹ́ ni ó gbé gbogbo ẹni tí ó wá kí wa ní ilé ìwòsàn wá, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí di òní. Bí wọ́n bá dé, wọn á kí wa kú ìrójú, wọn á ṣí Bíbélì, wọn á ka Sáàmù 23 tàbí 91 tàbí 121, wọn á sì ní kí ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gba ìwòsàn. Ìyá tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó fi ẹnu jẹ́wọ́. Bí omi bá bọ́ lójú rẹ̀, wọn á ní, "Màmá, ẹ má sunkún mọ́, ẹni tí ó ní Jésù kì í sunkún." Bí èmi pàápàá bá ní ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, wọn á ní kí n má fi ẹnu mi ba àdúrà jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì ń rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ní òru, lórí àga tí mo ń sùn lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi Ọlọ́run, mo sì ń bi í pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kí ó má fọwọ́ kàn: níbo ni O wà?

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti dé ibẹ̀ nígbà tí iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ṣí Sáàmù 91 kí n lè kà á fún ìyá mi kí ó tó sùn. Ó mi orí. Mo ṣí padà sí 23, ó tún mi orí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ìwé náà. Mo rò pé kò fẹ́ Bíbélì mọ́, àyà mi sì já. Bí mo ṣe fẹ́ pa á dé ni ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lé e, tí ó sì fi ìka kan tẹ ojú ìwé tí ó wà lápá òsì mọ́lẹ̀ kí n má baà yí i. Nínú ẹ̀dà tí mo rà yìí, Sáàmù 22 àti 23 kọjú síra wọn. Gbogbo àlejò tí ó ti ń ṣí ibẹ̀ fún wa láti ọjọ́ yìí wá ni ojú rẹ̀ ti ń fò ó kọjá, ojú tèmi náà sì ń fò ó. Lẹ́tà náà tóbi tó láti kà nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn: "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?"

Mo fẹ́ yí i, ìka rẹ̀ kò kúrò. Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo dé ibi tí ẹni náà ti ní òun ń ké ní ọ̀sán tí Ọlọ́run kò dá òun lóhùn, tí òun kò sì dákẹ́ ní òru. Mo dé ibi tí ó ti ní a tú òun dà sílẹ̀ bí omi, tí gbogbo egungun òun ti yẹ̀ lóríkèé, tí okun òun gbẹ bí àpáàdì, tí ahọ́n òun sì lẹ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Nígbà tí mo ka ti ahọ́n yìí, ìyá mi ṣe háà, ó wo ojú mi, ọ̀rọ̀ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ṣubú sì jáde: "Èéṣe?" Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lẹ́yìn náà ó sunkún, èmi náà sunkún, kò sí ẹni tí ó ní kí a dákẹ́. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti fojú ba oorun gidi.

Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yẹn, kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kóòtù ìbílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò ni, ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n tú Bíbélì sí èdè wa ìbá ti wá ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ ju èyí lọ, wọn ìbá ti ní "èéṣe tí o fi jìnnà sí mi", kò sì sí ẹni tí ìbá bá wọn wí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń dunni jù nínú ìgbéyàwó ni wọ́n fi sí ẹnu onísáàmù, nígbà tí wọ́n sì dé Mátíù orí 27, tí òkùnkùn ṣú bo gbogbo ilẹ̀ títí di wákàtí kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi sí ẹnu Jésù lórí igi àgbélébùú. Kí ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé ìbéèrè òun ti lé òun jáde kúrò nínú ìgbàgbọ́ tún un kà dáadáa. "Ọlọ́run mi" ni igbe náà fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì pè é bẹ́ẹ̀ kí ó tó bèèrè ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, bá ìwé náà ní ṣíṣí sí ibẹ̀. Ó pa á dé jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, a kì í ka irú èyí sí aláìsàn létí. Ọ̀rọ̀ ìyè ni kí ẹ máa kà." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. Ohun tí Olúwa wa fúnra rẹ̀ kà nígbà tí ó ń kú ni." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé ní ọdún tí òun sin àkọ́bí òun, òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ ìsinmi, òun ń kọrin, ṣùgbọ́n òun kò lè gbàdúrà kan ṣoṣo fún odindi ọdún náà, òun kò sì sọ fún ẹnì kankan rí. Ó tún Bíbélì ṣí fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, a sì jọ kà á.

Irú ìwé tí ẹ ń rà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á. Sáàmù 13 ń bi Ọlọ́run pé yóò ti gbàgbé òun pẹ́ tó. Jóòbù fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ré, ó ní kí wọ́n má kà á mọ́ ọjọ́ inú ọdún, bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí ìwé náà ń parí ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, tí ó ní wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti ṣe. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí sùúrù Jóòbù láti kékeré. N kò gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yẹn rí. Ọjọ́ méje àti òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyẹn kọ́kọ́ fi bá a jókòó lórí ilẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, mo sì gbà pé ìbẹ̀wò tí ó dára jù nínú gbogbo ìwé náà ni.

Mo máa ń ronú pẹ̀lú nípa ẹni tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n kógun ja Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, ní ọdún 1821, tí wọ́n sì fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n pín wọn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan ní 1837 pé ní ìgbà tí òun gbọ́ pé wọ́n lè tà òun fún àwọn òyìnbó etí òkun, òun gbìyànjú ní òru púpọ̀ láti gba ẹ̀mí ara òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní 1848, Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, obìnrin tí ó ń gbàdúrà nínú ìbànújẹ́ débi pé Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Ọkùnrin tí ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ó wà nídìí "kọ̀ mí sílẹ̀" tí a ń kà lónìí. Mo rò pé ó hàn nínú iṣẹ́ náà.

Ibì kan wà tí ìtumọ̀ Yorùbá yìí fún mi ní ohun tí n kò rí nígbà tí mo ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Àìsáyà orí 49 sì ni. Ní ẹsẹ 14, Síónì ní, Olúwa ti kọ̀ mí sílẹ̀, Olúwa mi sì ti gbàgbé mi. Ọlọ́run bi í bóyá obìnrin lè gbàgbé ọmọ tí ó ń fún lọ́mú. Ní ẹsẹ 16, ó ní, èmi ti kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kọ̀ àti kọ: àmì ohùn kan péré ni ó yà wọ́n. Bí a bá yára kà á, bí a kò bá fi ohùn sí i dáadáa, ẹni tí wọ́n kọ̀ àti ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀ lè dà rú mọ́ra lójú òǹkàwé. Ẹ̀dà tí mo rà kò fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, àléébù ńlá sì ni fún àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n níbi kọ̀ yìí wọn kò gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣí ewé sí orí 50, ẹsẹ kìíní rẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń bèèrè pé níbo ni ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ìyá yín wà. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí ní kóòtù mọ̀ pé bí kò bá sí ìwé, wọn kò tíì kọ obìnrin náà. Mo ka èyí fún ìyá mi léraléra. Kò wò ó sàn. Ó máa ń na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta bí mo bá dé ibi àtẹ́lẹwọ́, á sì máa wo inú rẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò fi lo fóònù. Mo lò ó. YouVersion, áàpù Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ń kà lórí fóònù, kò gba kọ́bọ̀, ìtumọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, lẹ́tà rẹ̀ sì ṣeé sọ di ńlá bí ojú bá ṣe fẹ́. Wọ́n ti gba Bíbélì Yorùbá sílẹ̀ ní ohùn pẹ̀lú, èyí tí mo ń dúpẹ́ fún nítorí ẹni tí kò mọ̀wé tàbí tí ojú rẹ̀ ti lọ. Bí ti aláìsàn yín bá rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ wá. Ní ti ìyá mi, fóònù kò bá a lára mu. Bí ọwọ́ rẹ̀ tí ó ń gbọ̀n bá kan ojú rẹ̀, ẹsẹ tí ó ń kà á sá lọ, á wá a, kò ní rí i mọ́, á sì di ìbínú. Ojú ìwé fóònù kò ṣeé fi ìka tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má lè yí i.

Àwọn àléébù tí mo rí nìyí, n kò sì ní fi wọ́n pamọ́. Èkíní, dídì ìwé náà kò lágbára. Kò tíì pé oṣù méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là níbi Sáàmù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ra irú rẹ̀ yóò ti ṣí i jù. Èmi fúnra mi ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti ń bó létí. Ní ti owó, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ohun tí wọ́n ń ta kékeré ni mo san, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù kò sí nínú dídì. Ojú ìwé kan wà níwájú tí àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fi ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà: bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, ka ibí, bí ó bá rẹ̀ ọ́, ka ibí, bí o bá wà nínú àìsàn, ka ibí. Mo tọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Sáàmù 23 wà níbẹ̀, 27 wà níbẹ̀, 91 wà níbẹ̀, 121 wà níbẹ̀. Sáàmù 13 kò sí, 22 kò sí, 88 kò sí, Jóòbù kò sí, Ẹkún Jeremáyà kò sí rárá, èyí tí ẹkún wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ẹni tí ó tò ó kò ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé inú òkùnkùn yóò ṣí ojú ìwé yẹn, yóò rí i pé gbogbo ibi tí wọ́n darí òun sí ni ìmọ́lẹ̀ wà, yóò sì rò pé òun nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti fi bírò kọ àwọn tí wọ́n fò kún un nínú tèmi. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ó ń tẹ Bíbélì Yorùbá pé bí wọ́n bá tún fẹ́ tẹ òmíràn, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi wọ́n kún un.

Ìyá mi kú ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé ó dàgbà, mo sì dúpẹ́. Fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Sáàmù 88 nìkan ni mo lè kà, nítorí pé kò sí ẹsẹ kan nínú rẹ̀ tí ó ní kí n yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sáàmù arò yòókù máa ń yíjú sí ìyìn kí wọ́n tó parí, ti 22 pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti 88 kò yíjú. Inú òkùnkùn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí, inú òkùnkùn ni ó parí sí, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin nínú tẹ́ḿpìlì. Lẹ́yìn èyí ni mo tó lè lọ sí ìwé Jòhánù orí 11, níbi tí Mátà ti pàdé Jésù lójú ọ̀nà, tí kò kí i káàbọ̀, tí ó sì sọ tààrà fún un pé ká ní ó ti wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun kì bá tí kú. Jésù kò bá a wí. Màríà tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, Jésù sì bá a sunkún. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe níbojì, ó sì kọ́kọ́ sunkún ná.

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tí ó mọ Yorùbá kà, ẹ rà á fún un, kí ẹ sì yẹ ìdì rẹ̀ wò ní ilé ìtàwé kí ẹ tó sanwó: ẹ ṣí i sí àárín, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbọ́ bóyá yóò dún. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn tí ẹ̀mí rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ni ẹ fẹ́ fún, ẹ má kàn gbé e lé e lórí tábìlì kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó. Ẹ bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí ẹ óò kà.

Ìyá kan wà ní ibùsùn tí ó tẹ̀lé tiwa, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi. Ní alẹ́ tí iná lọ yẹn, ó gbọ́ ohun tí mo ń kà. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà fà mí sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó sì bi mí pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, níbo ni ibi tí ẹ kà lọ́jọ́ yẹn wà?" Mo ti ra òmíràn fún wọn. Mo fi okùn pupa inú rẹ̀ sí ojú ìwé tí Sáàmù 22 àti 23 wà kí n tó gbé e lọ.